Awólọ́wọ̀: Wọn kò jẹ́ kó fèsì lórí rédíò, ló bá dá tẹlifíṣàn sílẹ̀

Ẹni tó bá gba títì Lateef Jakande kọjá ní Agídìngbì, n'Ìkẹjà, yóò rí ilé iṣẹ́ Cadbury, yóò sì rí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, ìyẹn LTV, lójú títì kan náà. Láràárọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń ti Agége àti Ògbà rọ́ wá sí agbègbè yìí, wọ́n ń kọjá lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ náà, kálukú sì ń sáré bá iṣẹ́ tirẹ̀. Ọdún 1980 ni ìjọba Alhaji Lateef Káyọ̀dé Jakande dá LTV sílẹ̀. Àmọ́ bí a bá fẹ́ mọ ibi tí odò náà ti ṣàn wá, a ní láti padà sẹ́yìn dé ọdún 1953, kí a sì sọ ìtàn ọ̀gá Jakande nínú ìṣèlú, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó jáde láyé ní ọjọ́ 9, oṣù Karùn-ún, ọdún 1987.

Ọ̀pọ̀ àgbà tó ń ka ojú ewé yìí ló mọ Awólọ́wọ̀ ju ẹni tó ń kọ ìtàn yìí lọ. Nígbà tí wọ́n bí èmi oníròyìn yín, baba náà ti kú, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Àwọn kan nínú yín jókòó sí kíláàsì ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀, àwọn mìíràn sì tẹ̀ka fún un ní 1979. Bí a bá ti dárúkọ rẹ̀ báyìí, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ni lọ́kàn. Wọ́n tún máa ń sọ pé òun ló mú tẹlifíṣàn wọ ilẹ̀ yìí. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni ìdí rẹ̀. Ìdí náà ni pé ìjọba bá a wí lórí rédíò, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà sọ tẹnu òun, wọn kò sì gbà fún un.

ỌMỌ ÀGBẸ̀ ÌKẸ́NNẸ́

Ọjọ́ 6, oṣù Kẹta, ọdún 1909 ni wọ́n bí Awólọ́wọ̀ sí Ìkẹ́nnẹ́, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Dáfídì Ṣópólù ni orúkọ bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ tó tún ń la pákó ni. Ìyá rẹ̀ ni Mary Ẹfúnyẹlá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ló wà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1920, láti ìgbà náà ló sì ti di pé kó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá owó ilé ìwé. Ó ṣẹ́gi, ó pọnmi, ó sìn lọ́dọ̀ àwọn èèyàn, títí ó fi wọ Wesley College n'Ìbàdàn ní 1927.

Iṣẹ́ tó ṣe lẹ́yìn náà kì í ṣe ẹyọ kan. Ó ṣe tíṣà, ó kọ́ iṣẹ́ taipísì, ó ṣe oníròyìn fún ìwé ìròyìn Daily Times, ó ra kòkó, ó sì fi mọ́tò ṣòwò. Ní ọdún 1937 ló gbé Hannah Ìdòwú Dídẹ́olú níyàwó. Ilé ló wà tó ti ń kàwé, tó sì gba oyè ìmọ̀ ìṣòwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944. Ọdún yẹn náà ló wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ òfin, ó sì di lọ́yà ní 1946.

Ẹni tó bá ti ṣe oníròyìn rí mọ agbára ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kọkànlá, ọdún 1949, Awólọ́wọ̀ gbé ìwé ìròyìn Nigerian Tribune jáde n'Ìbàdàn. Nígbà tó fi máa di 1951, ó ti di olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group, ẹgbẹ́ tí àwọn ará ilé mọ̀ sí Ọlọ́pẹ. Ó wá ní ìwé ìròyìn, ó sì ní ẹgbẹ́. Rédíò ni kò ní, rédíò sì ni ó máa ń dé etí ẹni tí kò kàwé.

Ọ̀RỌ̀ TÍ KÒ GBÈSÌ

Àwọn àgbà á rántí àpótí Rediffusion tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ara ògiri láyé ìjọba Òyìnbó. Ẹni tó bá ń san owó oṣù ni wọ́n ń fa wáyà rẹ̀ wọlé fún. Àwọn baba wa sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, torí pé ó lè sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́ láìfetí sí ohun tí ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ ń sọ. Orúkọ àpáàrá ni. Ní 1953, ohun tí orúkọ náà sọ ṣẹ sí Awólọ́wọ̀ lára gan-an.

Ọjọ́ 31, oṣù Kẹta ọdún náà ni Anthony Enahoro, ọmọ ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, dá àbá nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ékòó pé kí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1956. Àwọn aṣojú Àríwá ní ó yá jù, wọ́n fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di ìgbà tó bá ṣeé ṣe. Ọ̀rọ̀ náà di wàhálà. Àwọn mínísítà tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, àwọn aṣòfin wọn sì bínú jáde nílé ìgbìmọ̀.

Gómìnà Òyìnbó, Sir John Macpherson, wá bọ́ sórí rédíò, ó sì bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀. Ó di ẹ̀bi ru àwọn mínísítà ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ó fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọn kò pa ìlérí ipò wọn mọ́. Awólọ́wọ̀ ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fún òun náà láyè lórí rédíò yẹn kan náà, kí àwọn tó gbọ́ tẹnu Gómìnà lè gbọ́ tẹnu òun. Wọn kò fún un. Ìjọba ló ni rédíò, ìjọba sì ti parí ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Agbẹjọ́ rò àwíjàre, wọ́n ní kò dára. Yorùbá kì í dá ẹjọ́ ẹnìkan tì í lẹ́yìn, agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọkùnrin tó jẹ́ lọ́yà mọ èyí ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Kò bá wọn fi ìjà ṣe é. Nígbà tí wọ́n jókòó láti tún òfin ilẹ̀ yìí ṣe, ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1953 àti l'Ékòó ní ìbẹ̀rẹ̀ 1954, ọ̀rọ̀ rédíò wà lára ohun tí wọ́n jà fún. Òfin 1954 gbà pé kí àwọn ẹkùn náà lè dá ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn sílẹ̀, kó má jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan mọ́.

TẸLIFÍṢÀN DÉ

Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹwàá, ọdún 1954 ni Awólọ́wọ̀ di Pirẹ́míà ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Owó kòkó wà nílẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1955, ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé nígbà náà, Ìkẹjà àti Agége kì í ṣe ara Èkó tó jẹ́ olú ìlú ìjọba àpapọ̀. Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣàkóso wọn, títí di 1967 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá n'Ìkẹjà, nítòsí pápákọ̀ òfurufú àti ojú irin. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin obì àti kòkó ní ìhà Agége tẹ́lẹ̀ ló di ibi tí ẹ̀rọ ti ń dún tọ̀sán tòru.

Tẹlifíṣàn kì í ṣe ohun tí ẹkùn kan lè dá ṣe nígbà náà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú Overseas Rediffusion, ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì jọ dá Western Nigeria Radiovision Service sílẹ̀. Ìdí tí wọ́n sọ fún aráyé ni pé tẹlifíṣàn yóò ran ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, torí tíṣà kò tó fún ọmọ tó ya wọ ilé ìwé. Òótọ́ ni, ètò fún àwọn ọmọ ilé ìwé sì wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá rántí 1953 mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mìíràn wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ìbàdàn. Anikẹ́ Agbájé-Williams ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ojú rẹ̀ hàn níbẹ̀, Kúnlé Ọláṣọpé sì ni ọkùnrin àkọ́kọ́ tó ka ìròyìn. Ẹ̀rọ kan tó ń tan àwòrán káàkiri wà lórí òkè Mápó, èkejì wà ní Abafọn lẹ́bàá Ìkòròdú. Èyí tó wà ní Abafọn yìí ló ń gbé àwòrán Ìbàdàn dé Ìkẹjà àti Èkó. Ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ kò tíì ní tẹlifíṣàn tirẹ̀ nígbà náà, oṣù Kẹrin 1962 ni tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Enugu ti ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ òmìnira, 1960, Kàdúná sì ṣe tirẹ̀ ní oṣù Kẹta 1962.

Wọ́n máa ń pe WNTV ní àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Ká sòótọ́, tẹlifíṣàn ti wà ní Mòrókò àti Algeria ṣáájú, nígbà tí àwọn Faransé ń ṣe ìjọba níbẹ̀. Ní ilẹ̀ àwa aláwọ̀ dúdú níhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, Ìbàdàn ló ṣáájú. Ní oṣù Karùn-ún 1960, rédíò WNBS náà bẹ̀rẹ̀ nínú ilé kan náà. Àwọn eléré orí ìtàgé bíi Moses Ọláìyá, tí gbogbo wa mọ̀ sí Baba Sala, di ẹni tí wọ́n mọ̀ kárí ilẹ̀ Yorùbá nítorí WNTV. Ilé tó ní tẹlifíṣàn kò pọ̀, àwọn aládùúgbò ló ń kún ojú fèrèsé wò ó.

OLÓKO KÒ JẸ NÍNÚ OKO

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dunni wá rèé. Ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, ọdún 1959 ni ìbò àpapọ̀ wáyé, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré lẹ́yìn tí WNTV bẹ̀rẹ̀. Awólọ́wọ̀ fi ipò Pirẹ́míà sílẹ̀ láti lọ sí ilé ìgbìmọ̀ l'Ékòó. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kò rọ́wọ́ mú níbẹ̀, ó sì di olórí àwọn alátakò. Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ló jókòó sí àga Pirẹ́míà. Kò pé oṣù méjì tí Awólọ́wọ̀ fi jẹ́ olórí ìjọba tó ni tẹlifíṣàn tó dá sílẹ̀.

Àárín òun àti Akíntọ́lá kò gún mọ́ nígbà tó yá. Ní oṣù Karùn-ún 1962, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìbàdàn, wọ́n ju àga lu ara wọn. Ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì ní ọjọ́ 29 oṣù náà, wọ́n sì fi Dókítà Moses Majẹ́kódùnmí ṣe alákòóso ẹkùn náà fún oṣù mẹ́fà. Gbogbo ohun tó jẹ́ ti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bọ́ sọ́wọ́ alákòóso, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn àti rédíò sì wà lára wọn. Wọ́n ní kí Awólọ́wọ̀ má kúrò ní Lẹ́kì. Ṣe bí òun ló kọ́lé náà, àmọ́ kò sí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, wọ́n gbé òun àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ní wọ́n gbìmọ̀ láti fi tipátipá gba ìjọba. Nígbà tí ẹjọ́ náà ń lọ lọ́wọ́, ní oṣù Keje 1963, Ṣẹ́gun, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin tó ti di lọ́yà, kú nínú ìjàǹbá mọ́tò. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án, Adájọ́ Sówẹ̀mímọ̀ rán Awólọ́wọ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Lára àwọn tí wọ́n jọ dá lẹ́bi ni ọ̀dọ́mọkùnrin oníròyìn kan tó ti ṣe olóòtú Tribune, wọ́n fún un ní ọdún méje. Lateef Jakande ni orúkọ rẹ̀.

Calabar ni Awólọ́wọ̀ wà nígbà tí ìbò Ìwọ̀-Oòrùn wáyé ní oṣù Kẹwàá 1965. Akíntọ́lá àti ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ ní àwọn ló wọlé, àwọn tó kù ní òjóóró ni. Bí Akíntọ́lá ṣe fẹ́ bá ìlú sọ̀rọ̀ lórí rédíò WNBS, ẹnìkan wọlé tọ àwọn òṣìṣẹ́ lọ pẹ̀lú ìbọn, ó sì ní kí wọ́n gbé téèpù mìíràn sáfẹ́fẹ́, èyí tó ní kí Pirẹ́míà kúrò nílùú. Wọ́n mú Wọlé Ṣóyínká lórí ọ̀rọ̀ náà, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀. Ohun tó yẹ ká ṣàkíyèsí ni pé nínú ilé tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ kí alátakò lè rí àyè fèsì, ìbọn ni alátakò fi wá àyè náà lọ́dún 1965. Kò pẹ́ tí Wẹtíẹ̀ fi gba gbogbo ìgboro, tí àwọn sójà sì gba ìjọba ní oṣù Kìíní 1966. Wọ́n pa Akíntọ́lá ní ọjọ́ náà.

Oṣù Kẹjọ 1966 ni ìjọba Gowon dá Awólọ́wọ̀ sílẹ̀. Ó ṣe kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó orílẹ̀-èdè yìí láti 1967 sí 1971. Nígbà tó di 1977, ìjọba ológun ṣòfin pé gbogbo tẹlifíṣàn tó wà ní ìpínlẹ̀ gbogbo ti di ti ìjọba àpapọ̀, lábẹ́ NTA. WNTV di NTA Ìbàdàn. Nígbà yẹn ni ẹkùn tó kọ́kọ́ ṣe tẹlifíṣàn wá di ẹkùn tí kò ní ẹyọ kan.

ÌKẸJÀ, ỌDÚN 1980

Awólọ́wọ̀ dá ẹgbẹ́ UPN sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 1978. Ní 1979, ó du ipò Ààrẹ, Shehu Shagari ti ẹgbẹ́ NPN ló wọlé. UPN gba ìpínlẹ̀ márùn-ún: Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Òǹdó àti Bendel. Jakande, tó ti gbọ́ ìró ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n nítorí ọ̀gá rẹ̀, ni gómìnà Èkó.

Ìṣòro ọdún 1953 ló tún dé. Tẹlifíṣàn tó wà l'Ékòó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ìjọba àpapọ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó ń bá wọn du ipò. Òfin 1979 gbà fún ìpínlẹ̀ láti dá tirẹ̀ sílẹ̀. Jakande kò fi falẹ̀. Ọdún 1980 ni LTV bẹ̀rẹ̀ ní Agídìngbì, kò jìnnà sí Aláúsá tí ọ́fíìsì ìjọba wà, àárín àwọn ilé iṣẹ́ ńlá gan-an sì ni. Lópin ọ̀sẹ̀, tí òṣìṣẹ́ bá ti wà nílé, wọ́n máa ń ṣe é fún wákàtí gígùn, ó sì ní orúkọ tirẹ̀, Lagos Weekend Television. Àwọn ìpínlẹ̀ UPN bíi Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Òǹdó náà dá tiwọn sílẹ̀. Ohun tí Awólọ́wọ̀ kọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní 1959, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ní láti tún un kọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Àmọ́ ohun tó ṣe ọ̀gá tún ṣe ọmọ iṣẹ́. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 1983, àwọn sójà tún gba ìjọba. Wọ́n ti Jakande mọ́lé pẹ̀lú àwọn òṣèlú yòókù. LTV kò dákẹ́ nítorí ìyẹn. Gómìnà ológun gba àkóso, tẹlifíṣàn Agídìngbì sì ń jẹ́ iṣẹ́ tí ìjọba tuntun bá rán an, nígbà tí ẹni tó kọ́ ọ wà látìmọ́lé.

ÌRÓLẸ́ BABA

Awólọ́wọ̀ kò tún du ipò mọ́ lẹ́yìn 1983. Ilé rẹ̀ n'Ìkẹ́nnẹ́ ló kú sí ní oṣù Karùn-ún 1987, lẹ́ni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, wọ́n sì sin ín síbẹ̀ ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹfà. Títí tó fi kú, ìjọba nìkan ló ń ṣe tẹlifíṣàn ní Nàìjíríà, yálà ti àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀.

Ọdún 1992 ni òfin tó dá àjọ NBC sílẹ̀ ṣí ọ̀nà fún aládàáni. Àyíká Ìkẹjà àti Agége yìí náà ni púpọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ fìdí kalẹ̀ sí. AIT wà ní Alágbàdo, MITV wà n'Ìkẹjà. Jakande wà láyé tó fi rí gbogbo rẹ̀, ọjọ́ 11, oṣù Kejì, ọdún 2021 ló tó jáde láyé, lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.

Bí a bá wo ìtàn yìí láti òkè délẹ̀, ohun méjì ló wà níbẹ̀. Àyè láti fèsì ni Awólọ́wọ̀ béèrè ní 1953. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ni ó kọ́ nígbà tí wọn kò fún un. Ilé iṣẹ́ náà ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì: Akíntọ́lá, Majẹ́kódùnmí, sójà, NTA. Ẹni tó bá ti wà lórí àlééfà ló ń gbọ́ tirẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì ti lé kúrò kò rí àyè wọlé, ìbáà jẹ́ òun ló kọ́ ọ.

Òfin tí NBC fi ń ṣàkóso iṣẹ́ náà ti wá sọ ọ́ kedere pé ẹni tí rédíò tàbí tẹlifíṣàn bá bà lórúkọ jẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti fèsì níbẹ̀. Ohun tí Gómìnà Òyìnbó kò fún Awólọ́wọ̀ nìyẹn, ó ti di òfin. Kì í ṣe ẹ̀tọ́ olóyè tàbí òṣèlú nìkan. Àgbẹ̀ tí wọ́n bá pè ní olè lórí rédíò ìpínlẹ̀ rẹ̀, ọba tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìbi í, ìyálọ́jà tí wọ́n bá ní ó gbówó ọjà jẹ, gbogbo wọn ló ní in. Ẹni tó bá ní ẹ̀tọ́ tí kò béèrè fún un, bí ẹni tí kò ní ló rí. Kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ kọ́ tẹlifíṣàn tirẹ̀ kó tó rí ẹnu fèsì, bíi ti baba tó sùn sí Ìkẹ́nnẹ́.